Bí a ṣe ń yẹ kọ̀rọ̀ tí omi inú ojú ń gbà jáde wò fún glaucoma: tọ́ọ̀ṣì, van Herick, gónió, OCT àti UBM, èwo ni ká gbà gbọ́?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bẹ̀ yín fún ohun kan ṣoṣo kí n tó wọnú ọ̀rọ̀: kí ẹ tó yẹ kọ̀rọ̀ ojú ẹnikẹ́ni wò, ọ̀nà yòówù kẹ́ ẹ fẹ́ gbà, ẹ pa iná yàrá. Ẹ fa kọ́tìnnì, ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ sọ fún ẹni tó bá aláìsàn wá pé kó pa tọ́ọ̀ṣì fóònù ẹ̀. Ó jọ nǹkan kékeré, àmọ́ ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í, èmi náà ti ṣì í rí, màá sọ ọ́ tó bá yá.

Kọ̀rọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe igun ojú tí ipin máa ń dúró sí láàárọ̀ o. Inú lọ́hùn-ún ló wà, ibi tí cornea, ìyẹn iwájú ojú tó mọ́ gaara bíi gíláàsì, ti pàdé iris, ìyẹn àwọ̀ dúdú tàbí búráùn tó yí ọmọlójú ká. Ojú máa ń ṣe omi nínú ara ẹ̀, kì í ṣe omijé, omi mìíràn ni, ẹ̀yìn iris ló ti ń jáde, á gba inú ọmọlójú bọ́ síwájú, á wá gba kọ̀rọ̀ yẹn lọ, asẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń sẹ́ ẹ jáde títí á fi dàpọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀. Tí omi bá ń wọlé tí kò ráyè jáde, ìfúnpá inú ojú á ga, á máa ni iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ lára, iṣan yẹn á máa kú díẹ̀díẹ̀, èyí tó bá sì ti kú kì í jí mọ́. Glaucoma nìyẹn.

Kọ̀rọ̀ yẹn dà bí gọ́tà, ọ̀nà méjì ló sì sábà máa ń gbà dí. Nígbà mìíràn ẹnu gọ́tà ṣí sílẹ̀ gbayawu, kò sí ohun tó bò ó, àmọ́ asẹ́ inú ẹ̀ ti ń dí, omi ò ráyè gba inú ẹ̀ bó ṣe yẹ, òun ni wọ́n ń pè ní open angle. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, asẹ́ ò ṣe nǹkan kan, iris ló wá fara ti ẹnu gọ́tà bí ìgbà tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn gbọn-in, ìyẹn ni angle closure. Tẹ́ ẹ bá wọn ìfúnpá ojú tẹ́ ẹ rí 32, ìyẹn èyí tó ga, nọ́ńbà 32 yẹn ò lè sọ èyí tó jẹ́ fún yín, tẹ́ ẹ bá wo iṣan ẹ̀yìn ojú náà, kò lè sọ ọ́. Ìtọ́jú méjèèjì sì yàtọ̀: ẹni tí ilẹ̀kùn tì mọ́, wọ́n lè fi léésà lu ihò kékeré sí iris ẹ̀ kí omi ríbi gbà, tàbí kí wọ́n yọ lẹ́ǹsì inú ojú tó ti nípọn tó ń ti iris síwájú, àmọ́ ẹni tí gọ́tà ẹ̀ ṣí sílẹ̀, ihò iris ò lè ṣe é láǹfààní kankan.

Mo máa ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ẹlẹgbẹ́ mi pé ṣebí open angle ló ń ṣe àwa èèyàn dúdú, kí la tún ń wá kọ̀rọ̀ wò fún. Òótọ́ ni pé òun ló pọ̀ jù. Àmọ́ nínú ìwádìí ojú tí wọ́n ṣe káàkiri Nàìjíríà láàrin 2005 sí 2007, nǹkan bí èèyàn 5 nínú 100 àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè ló ní glaucoma, nínú àwọn tó ní in tí wọ́n sì fi gónió, ìyẹn lẹ́ǹsì oní-dígí tí wọ́n ń gbé lé ojú láti fi wo kọ̀rọ̀, yẹ̀ wò, 86 nínú 100 jẹ́ open, 14 jẹ́ closure. Tẹ́ ẹ bá rí èèyàn 50 tó ní glaucoma ní kílíníìkì yín lọ́dún yìí tó sì rí bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ yín náà, méje nìyẹn. Èèyàn méje tí ẹ ó máa kán oògùn sójú wọn lójoojúmọ́ tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́ wọn lára. Ìwádìí kan náà ló sọ pé àwọn tó mọ̀ pé àwọn ní glaucoma ò tó 6 nínú 100 àwọn tó ní in, ẹ̀dùn ọkàn ni ìyẹn jẹ́ fún mi títí dòní.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí èyí tí kò náni ní kọ́bọ̀. Tọ́ọ̀ṣì. Ẹ ní kí onítọ̀hún wo iwájú gan-an, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ojú ẹ̀ lápá ibi tí etí wà, kó wà ní ìpele kan náà pẹ̀lú ojú, kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lọ síhà imú. Tí gbogbo iris bá mọ́lẹ̀ láti apá etí dé apá imú, àyè wà níwájú ojú. Tí apá imú bá ṣókùnkùn, á jẹ́ pé iris ti wú síwájú, bí oòrùn àárọ̀ ṣe máa ń yọ lẹ́yìn òkè tí apá kejì òkè á ṣì wà nínú òjìji. Ibi tí agbára tọ́ọ̀ṣì mọ nìyẹn. Ó máa ń pe ojú tó ṣí ní èyí tó há, ó sì máa ń jẹ́ kí ojú tó há kọjá lọ, ẹ máa lò ó ní abúlé níbi tí kò ti sí nǹkan mìíràn, ẹ má fi ṣe ìdájọ́.

Tí slit lamp bá wà, ìyẹn awò orí tábìlì tó ń tan ìmọ́lẹ̀ tín-ín-rín sójú, ẹ gòkè dé ọ̀nà tí wọ́n ń pè ní van Herick. Àwọn dókítà Amẹ́ríkà mẹ́ta, van Herick, Shaffer àti Schwartz, ló gbé e jáde ní 1969, ìṣẹ́jú kan kì í pé lórí ẹ̀. Ẹ sọ ìmọ́lẹ̀ di tín-ín-rín bí ojú abẹ, ẹ gbé apá ìmọ́lẹ̀ sí ìwọ̀n 60 dígírì sí ẹ̀gbẹ́ lápá etí, kí awò yín dojú kọ ọ̀kánkán, kẹ́ ẹ wá fi ìmọ́lẹ̀ yẹn lé eteetí cornea lápá etí, gẹ́rẹ́ tó bá kúrò lára funfun ojú. Ẹ máa rí ìlà ìmọ́lẹ̀ kan tó nípọn, ìyẹn cornea, lẹ́yìn náà àlàfo dúdú, lẹ́yìn náà ìmọ́lẹ̀ lórí iris. Ẹ fi àlàfo dúdú yẹn wé bí cornea ṣe nípọn tó. Tí àlàfo bá tó cornea tàbí tó jù ú lọ, ọkàn yín lè balẹ̀ díẹ̀. Tó bá jẹ́ ìdajì, ó ṣì dáa. Tó bá ti jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin cornea tàbí tó kéré sí i, ẹ dúró ńbẹ̀, ẹ má kán oògùn tó ń ṣí ọmọlójú sí i, ẹ lọ gbé lẹ́ǹsì gónió.

Ohun tí mo fẹ́ràn nínú van Herick ni pé kò kan ojú, kò gba oògùn, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ lè ṣe é fún gbogbo ẹni tó bá jókòó sídìí slit lamp kí wọ́n tó ṣí ọmọlójú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ló ń wò, apá òkè ló sì sábà máa ń há jù. Ojú kan tún wà tí iris ẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ láàrin, àyè iwájú ojú jìn dáadáa, àfi tó bá dé etí kó wá ṣẹ́rí sókè lójijì kó dí ẹnu gọ́tà, plateau iris ni wọ́n ń pè é, van Herick lè wo irú ojú yẹn kó ní kò sí nǹkan kan. Ẹni tó bá ti ní glaucoma tàbí tí ìfúnpá ẹ̀ ti ga, van Herick ò tó fún un, bó ti wù kó dáa tó.

Ó wá kan gónió, ibẹ̀ ni màá pẹ́ sí.

Kí ló dé tí a ò lè wo kọ̀rọ̀ yẹn ní tààrà? Ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ̀ látibẹ̀ ń wá ní ìdàgẹ̀rẹ̀ gan-an, tó bá dé ara cornea tó sì ju nǹkan bí 46 dígírì lọ, kò ní lè jáde sínú afẹ́fẹ́, á kọlu cornea á sì padà sínú ojú. Lẹ́ǹsì gónió tẹ́ ẹ gbé lé ojú ló ń gba ipò afẹ́fẹ́ yẹn tí ìmọ́lẹ̀ fi ń ráyè jáde, dígí inú ẹ̀ á wá gbé e fún yín. Alexios Trantas, dókítà ará Gíríìsì, ti rí kọ̀rọ̀ yìí ní 1899 nígbà tó fi ìka tẹ etí ojú aláìsàn kan tí cornea ẹ̀ yọ síta jù, lẹ́yìn náà ni Goldmann, dókítà ojú kan ní Switzerland, gbé lẹ́ǹsì oní-dígí ẹ̀ jáde ní 1938, títí dòní irú ẹ̀ la ṣì ń lò.

Oríṣi lẹ́ǹsì méjì lẹ máa bá pàdé. Ti Goldmann tóbi, nǹkan bíi 12 mìlímítà lẹ́nu, ó fẹ́ jẹ́ẹ̀lì methylcellulose láàrin òun àti ojú, ó máa ń dúró pinpin, àwòrán ẹ̀ mọ́ kedere, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á gbádùn ẹ̀. Tó bá jẹ́ èyí tó ní dígí mẹ́ta, dígí tó kéré jù tó rí bí èékánná ni ti kọ̀rọ̀, ẹ má lọ máa wo èyí tó kù. Ìkejì ni oní-dígí mẹ́rin, èyí tó ń jẹ́ Zeiss, Posner tàbí Sussman, ẹnu ẹ̀ kéré, nǹkan bíi 9 mìlímítà, kò fẹ́ jẹ́ẹ̀lì, omijé tó wà lójú ti tó, òun náà lẹ sì lè fi tẹ cornea láàrin kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ilẹ̀kùn kàn fara tì ni àbí ó ti lẹ̀ mọ́ ògiri. Tí owó ẹyọ kan ṣoṣo bá wà lọ́wọ́ mi, oní-dígí mẹ́rin ni màá rà.

Ẹ bá aláìsàn sọ̀rọ̀ kẹ́ ẹ tó gbé nǹkan kan sún mọ́ ojú ẹ̀. Ẹ sọ pé "Mọ́mì, dígí kékeré ni mo fẹ́ gbé lé ojú yín, kò ní dùn yín, á kàn tutù díẹ̀, ẹ máa mí bẹ́ẹ̀, ẹ má mú èémí dúró." Ẹ kán oògùn tó ń pa ojú kú, ẹ dúró tó ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un kán. Àgbọ̀n lórí ibi ìgbágbọ̀n, iwájú orí kó kan ìgbànú lókè pátápátá, torí ọ̀pọ̀ wàhálà wa, orí tó ti sún sẹ́yìn ló ń fà á. Ẹ fi tìmùtìmù tàbí àpótí oògùn ti ìgúnpá yín nísàlẹ̀, ẹ fi ìka kékeré gúnlẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ aláìsàn kí ọwọ́ má gbọ̀n. Ẹ ní kó wòkè, ẹ gbé etí ìsàlẹ̀ lẹ́ǹsì lé e, ẹ ní kó wo iwájú, lẹ́ǹsì á bọ́ sójú àyè ẹ̀. Ojú tó gbọgbẹ́ tó ṣeé ṣe kó ti lu, ojú tí ẹ̀jẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dà sínú ẹ̀, ojú tí cornea ẹ̀ ní egbò, ẹ má gbé lẹ́ǹsì lé e o.

Ní báyìí, òkùnkùn. Iná yàrá pípa, ìmọ́lẹ̀ slit lamp kó fẹ̀ ní mìlímítà kan péré, kó kúrú, kó má dé ọmọlójú rárá.

Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, níbi kan tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìyá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ wá bá mi. Ó ní ojú máa ń dun òun lálẹ́, tí òun bá wo gílóòbù, òṣùmàrè á yí i ká. Mo gbé lẹ́ǹsì lé e. Iná yàrá ń tàn torí àwọn èèyàn ń wọlé ń jáde, ìmọ́lẹ̀ mi gùn, ó fẹ̀, ó ń wọ ọmọlójú ẹ̀ lọ tààrà, mo rí asẹ́ yíká, mo kọ "open" sínú fáìlì, mo ní kó máa lọ. Kò ju nǹkan bí oṣù méjì lọ, wọ́n gbé e padà wá. Orí fọ́ ọ lóru, ó ń bì, wọ́n ní ibà ni, wọ́n ra oògùn ibà, ọjọ́ kẹta ni ọmọ ẹ̀ tó rí i pé ojú ọ̀tún ti pọ́n bí ata, iwájú ojú sì ti rú bí omi ògì. Ìmọ́lẹ̀ tí mo tàn sí i ló mú kí ọmọlójú ẹ̀ súnkì lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bí ọmọlójú ṣe súnkì, iris nà, ó kúrò lẹ́nu gọ́tà. Mo rí asẹ́ lóòótọ́, àmọ́ inú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù ẹ̀lùbọ́ àti lóru nínú ilé ẹ̀, ojú yẹn kì í rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí a wá pa iná tí a wo ojú òsì, gbogbo apá òkè ti dí. Dókítà fi léésà ṣe ti òsì kó tó di wàhálà. Ojú ọ̀tún ò padà bọ̀ sípò. Ìdí nìyí tí mo fi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí látorí pípa iná.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, torí òun ló sábà máa ń fẹ̀ jù, àwọ̀ ibẹ̀ ló sì máa ń hàn jù. Ẹ rántí pé dígí tó wà lókè ló ń fi ìsàlẹ̀ hàn yín, ti ìsàlẹ̀ ló ń fi òkè hàn, ẹ má kọ ọ́ sódì. Ohun tẹ́ ẹ máa rí dà bí ìlà aṣọ òkè tí wọ́n tò léra. Látọ̀dọ̀ cornea: ìlà Schwalbe, tín-ín-rín, ibẹ̀ ni cornea parí sí. Lẹ́yìn ẹ̀ ni asẹ́, apá iwájú ẹ̀ funfun, apá ẹ̀yìn ẹ̀ búráùn, apá ẹ̀yìn yìí gan-an lomi ń gbà, òun ni kẹ́ ẹ fojú sí. Lẹ́yìn náà ìlà funfun kan bí òwú, scleral spur, lẹ́yìn náà ìlà tó ṣú bí eérú, ìyẹn ciliary body, iris ló kàn. Tẹ́ ẹ bá rí gbogbo ẹ̀ dé orí ìlà tó ṣú yẹn, ó ṣí gbayawu. Tẹ́ ẹ ò bá rí apá búráùn asẹ́ ní ìdajì yíká ojú tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìtẹ ojú, ojú yẹn há, ó yẹ kí dókítà rí i.

Ó wá ku ibi kan tó máa ń tan wa jẹ nínú ojú àwa èèyàn dúdú pàápàá. Àwọ̀ pọ̀ nínú ojú wa, àwọ̀ búráùn lè lẹ̀ mọ́ ìlà Schwalbe náà kó dà bí asẹ́ gẹ́lẹ́, ojú á ti dí pa, ẹ̀yin á máa wo ìlà Schwalbe, ẹ máa kọ pé ẹ rí asẹ́. Ohun tó ń tú àṣírí ẹ̀ rèé: ẹ sọ ìmọ́lẹ̀ di tín-ín-rín pátápátá, ẹ yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, bíi dígírì 10 sí 20. Ẹ máa rí ìlà ìmọ́lẹ̀ méjì tó ń rin lára cornea, ọ̀kan ti iwájú cornea, ọ̀kan ti ẹ̀yìn ẹ̀, wọ́n á máa sún mọ́ ara wọn bọ̀ títí wọ́n á fi pàdé bí ọ̀nà méjì tó pàdé ní oríta tó wá di ọ̀nà kan. Oríta yẹn gan-an ni ìlà Schwalbe. Ohun yòówù tó bá wà lẹ́yìn oríta, láàrin òun àti iris, òun ni asẹ́, tí kò bá sí nǹkan kan lẹ́yìn oríta àfi iris, ojú ti dí nìyẹn, bó ti wù kí àwọ̀ búráùn iwájú oríta pọ̀ tó. Ẹ fi oṣù kan ṣe èyí lójoojúmọ́ títí á fi mọ́ yín lára.

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti wò ó nínú òkùnkùn láìtẹ ojú, ni kẹ́ ẹ wá tẹ̀ ẹ́. Dókítà kan tó ń jẹ́ Forbes ló kọ nípa ẹ̀ ní 1966. Ẹ fi oní-dígí mẹ́rin tẹ cornea wọnú jẹ́jẹ́ láàrin gbùngbùn, omi inú ojú á sá lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìgbà tẹ́ ẹ bá fi àtàǹpàkò tẹ píọ̀ wọ́tà láàrin tí omi inú ọ̀rá sá lọ sí etí, omi yẹn á ti iris sẹ́yìn. Tí asẹ́ bá yọjú, iris kàn fara tì í lásán ni, ó ṣì ṣeé ṣí. Tí ibì kan bá di mọ́ ògiri tí kò yẹ̀, tó dà bí àgọ́ tí wọ́n na okùn ẹ̀, ó ti lẹ̀ pọ̀ nìyẹn. Tí iris bá ṣe òkè, àfonífojì, òkè bó ṣe ń lọ sẹ́yìn, plateau iris lẹ rí yẹn.

Bí títẹ̀ ṣe ń ranni lọ́wọ́ náà ló ń tanni jẹ. Tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀ nígbà tẹ́ ẹ rò pé ẹ kàn ń wò lásán, ojú tó dí á ṣí lójú yín. Àmì ẹ̀ ni pé cornea á ká wẹ́wẹ́, ẹ máa rí ìlà híhunjọ bíi aṣọ tí wọn ò lọ̀, ẹ dẹwọ́ kíá. Ti Goldmann tí ẹnu ẹ̀ gbòòrò, òdìkejì ló ń ṣe: tẹ́ ẹ bá tẹ etí ẹ̀ mọ́ ojú, á jẹ́ kí kọ̀rọ̀ há ju bó ṣe rí lọ. Tí iris bá wú tí kò jẹ́ kẹ́ ẹ rí ẹ̀yìn ẹ̀, ẹ ní kí aláìsàn wo apá ibi tí dígí tẹ́ ẹ ń lò wà, díẹ̀ ni o, kì í ṣe púpọ̀. Ìgbà tẹ́ ẹ bá parí òkùnkùn, ẹ tan ìmọ́lẹ̀ sí i dáadáa kẹ́ ẹ wá iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, paàpàá lójú ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kẹ́ ẹ wá ibi tó ya lójú ẹni tí bọ́ọ̀lù tàbí ẹ̀ṣẹ́ ti bà rí.

Àwọn maṣíìnì wá. OCT ti iwájú ojú, ìmọ́lẹ̀ tí ojú ò rí ló ń lò, àwọn kan lára wọn ń lo ìmọ́lẹ̀ 1310 nánómítà, aláìsàn á jókòó, kò sí ohun tó máa kan ojú ẹ̀, láàrin ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan ẹ ti rí àwòrán kọ̀rọ̀ bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ là á sí méjì. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ẹ̀ ni pé nínú òkùnkùn biribiri ló lè ṣiṣẹ́, torí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ kì í mú ọmọlójú súnkì, ẹ tún lè fi han aláìsàn pé "ẹ wo ibi tó há", ọ̀rọ̀ á yé e ju àlàyé ẹnu lọ. Tí OCT tí wọ́n fi ń wo ẹ̀yìn ojú bá ti wà níbi iṣẹ́ yín, ẹ bèèrè bóyá ó ní lẹ́ǹsì àfikún tó lè wo iwájú, ọ̀pọ̀ ló ní in tí ó wà nínú àpótí tí kò sẹ́ni tó ṣí i.

Àmọ́ OCT ò rí àwọ̀, kò rí iṣan ẹ̀jẹ̀ tuntun, kò lè sọ fún yín bóyá iris fara tì ni àbí ó ti lẹ̀, torí kò sí bó ṣe lè tẹ̀ ẹ́. Scleral spur tí wọ́n fi ń wọn nǹkan nínú àwòrán ẹ̀, nínú àwòrán kan kì í hàn rárá. Ó tún máa ń pe ojú púpọ̀ ní èyí tó dí ju bí gónió ṣe ń pè é lọ. Kò lè rí ẹ̀yìn iris náà, àwọ̀ iris ló ń dá ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ dúró. Àti pé tí iná bá lọ, ó parí nìyẹn, lẹ́ǹsì gónió ò mọ NEPA, slit lamp tó ní bátìrì ti tó o.

UBM ni ti ẹ̀yìn iris. Pavlin àti Foster ní Toronto ló gbé e dé nǹkan bí 1990, ìró ló ń lò bíi sikáànì aláboyún, àmọ́ ìró tó ga gan-an, bíi 35 sí 50 mẹ́gáhẹ́ẹ̀tìsì. Aláìsàn á dùbúlẹ̀, wọ́n á pa ojú ẹ̀ kú, wọ́n á gbé ife kékeré tí omi wà nínú ẹ̀ lé ojú. Ó ń gba inú cornea tó ti rú kọjá, ó ń fi ciliary body hàn, tí kókó omi tàbí kókó kan bá ń ti iris látẹ̀yìn, tàbí tẹ́ ẹ fẹ́ mọ plateau iris dájú, òun ló máa sọ ọ́. Ó pẹ́, ó gba ọwọ́ tó mọṣẹ́, kò sì sí ní ibi púpọ̀. Ẹ fi sọ́wọ́ fún àwọn tí gónió ti sọ pé nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kò yé yín. Kámẹ́rà Scheimpflug tó ń wọn bí iwájú ojú ṣe jìn tó, ó dáa fún ìyẹn, ṣùgbọ́n kò dé inú kọ̀rọ̀ fúnra ẹ̀, mi ò ní pẹ́ lórí ẹ̀.

Bí mo ṣe ń tò ó rèé: van Herick fún gbogbo èèyàn kí ẹnikẹ́ni tó kán oògùn ìṣílójú. Gónió nínú òkùnkùn fún ẹni tí àlàfo ẹ̀ bá jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin tàbí tó kéré sí i, fún gbogbo ẹni tí ìfúnpá ẹ̀ ju 21 lọ, fún gbogbo ẹni tí iṣan ẹ̀yìn ojú ẹ̀ kò dá mi lójú, fún ẹni tó bá ní òṣùmàrè ń yí iná ká, kí van Herick sọ ohun tó bá fẹ́. OCT tó bá wà, ó wá ṣe ẹlẹ́rìí kejì, kì í ṣe adájọ́. Ojú tó há kì í túmọ̀ sí léésà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ náà o, ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Guangzhou ní Ṣáínà tó jáde ní 2019 fi hàn pé láàrin ọdún 6 díẹ̀ péré nínú irú ojú bẹ́ẹ̀ ló di wàhálà, dókítà ló máa wo ọjọ́ orí, ibi tí ilé aláìsàn jìn sí, àti bóyá á lè padà wá. Torí lẹ́ǹsì inú ojú ń nípọn sí i bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, ojú tó ṣí lẹ́ni 50 lè há lẹ́ni 62, ẹ tún un wò.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ka èyí nítorí màmá tàbí bàbá yín, pàápàá tí wọ́n ti ń kán oògùn glaucoma fún ọdún pípẹ́, ẹ bi dókítà wọn léèrè tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ ti fi dígí wo kọ̀rọ̀ inú ojú wọn?" Tí ojú bá pọ́n tó ń dun èèyàn tó sì ń bì, ẹ má fi oògùn ibà sùn lé e, ọsibítù ojú ló kàn lóru yẹn.

Nínú fáìlì, ẹ kọ ohun tẹ́ ẹ rí, ẹ má kọ nọ́ńbà nìkan. Nínú ìlànà Shaffer tí wọ́n fi ń fún kọ̀rọ̀ ní nọ́ńbà, 4 ló ṣí gbayawu, 0 ló dí, àmọ́ nínú ìlànà mìíràn, ti Scheie, IV gan-an ló dí pa, ẹni tó bá ka "4" yín lọ́dún tó ń bọ̀ lè kà á sódì. Ẹ ya igun mẹ́rin, ẹ kọ ohun tó jìnnà jù tẹ́ ẹ rí ní òkè, ìsàlẹ̀, apá imú, apá etí, ẹ kọ ọ́ pé inú òkùnkùn lẹ ti wò ó, ẹ kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tẹ́ ẹ tẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn kẹ́ ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ lẹ́ǹsì, kẹ́ ẹ rì í sínú bílíìṣì, ìwọ̀n kan sí omi mẹ́sàn-án, fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá, torí àpólò tó bá wà lójú ẹni àkọ́kọ́ lè bá lẹ́ǹsì dé ojú ẹni kejì, ẹ fi omi tó mọ́ ṣan án dáadáa kí bílíìṣì má jó ojú ẹlòmíràn, ẹ gbé e sórí aṣọ mímọ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó pe ẹni tó kàn.